Kí ni agbára mínísítà ètò ọrọ̀ ajé gan-an?

Ìyá Ẹlẹ́wà (Kúbwà, Àbújá):
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀wà ni mò ń tà. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ tó ń gbé ọjà wá láti Kánò ti ga débi pé ẹni tó máa ń ra múdù mẹ́ta lọ́wọ́ mi kò rà ju ẹyọ kan lọ mọ́, yóò sì tún bèèrè èènì. Gbogbo wọn ló ń di ẹ̀bi ru mínísítà ètò ìnáwó tí wọ́n tún fi ṣe alákòóso ọrọ̀ ajé. Ṣé òun ló ń pinnu èlé tí báńkì ń gbà?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì (Garki):
Ìyá wa, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Èlé kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ọdún 2007 fi èlé ìpìlẹ̀, tí àwọn báńkì fi ń díwọ̀n tiwọn, sí ìkáwọ́ Báńkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, àwọn ló sì gbé e kúrò ní ìdá 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù keje ọdún 2023, tó fi di 27.50 ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Àpò ìjọba ló wà lọ́wọ́ mínísítà: owó tó ń wọlé, gbèsè tí a fẹ́ jẹ, àti ètò ìnáwó ọlọ́dún mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ ṣáájú ìṣúná. Òun náà ni alága ìgbìmọ̀ FAAC tó ń jókòó lóṣooṣù lórí owó tí ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀ ń pín. Mo ti kó fáìlì wọ ìpàdé náà rí. Bí wọ́n bá ń ka iye tó kan ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ a máa pa lọ́lọ́ bí ilé ẹjọ́.

Ọmọ Kàdúná:
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ti Ààrẹ kún un, nítorí orúkọ “alákòóso ọrọ̀ ajé” kò sí nínú ìwé òfin 1999; iṣẹ́ tí Ààrẹ bá gbé lé mínísítà lọ́wọ́ ni tirẹ̀. Lásìkò tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó ni àwọn orílẹ̀-èdè Paris Club tí a jẹ ní gbèsè gbà ní ọdún 2005 láti pa bílíọ̀nù dọ́là 18 rẹ́ nínú gbèsè wa, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì dúró gbọn-in lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin yìí kan náà ti di alákòóso ọrọ̀ ajé nígbà tí lítà epo kúrò ní náírà 65 bọ́ sí 141 ní oṣù kìíní ọdún 2012. Ìlú dàrú, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀, kò sì pé oṣù kan tí Ààrẹ Jonathan fi dín in kù sí 97.

Kò sì yẹ kí a ro pé ọ̀rọ̀ èlé kò kàn án rárá. Bí ìjọba bá ń yá owó lábẹ́lé pẹ̀lú èlé gọbọi, báńkì wo ni yóò tún dá oníṣòwò kékeré lóhùn? Ibẹ̀ ni mo ti dá mínísítà lẹ́bi, ẹnikẹ́ni tí ì báà wà lórí àga náà, nítorí òun ló ń gbé àbá gbèsè náà wá.

Ìyá Ẹlẹ́wà:
Ẹ ṣeun gan-an. Èlé tí báńkì kan pè fún mi lóṣù tó kọjá ju gbogbo èrè mi lọ, mo sì padà sílé láìyá kọ́bọ̀. Níbo ni mo ti lè rí iye tí ìjọba ń yá?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì:
Iye tí wọ́n fẹ́ yá lọ́dún wà nínú ìwé ìṣúná, iye gbèsè tó sì wà nílẹ̀, ọ́fíìsì DMO tó ń bójú tó gbèsè ìjọba ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣí i fún yín, kí ẹ sì wo apá gbèsè abẹ́lé ná.