Bréèlì nìkan kọ́ ni àfọwọ́kà

Ẹ̀yin àgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ bréèlì, ìyẹn ìkọ̀wé oníkókó tí àwọn tí kò ríran ń fi ìka kà. Bàbá tó ní ká máa pe bréèlì ní "ìwé afọ́jú", mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́: ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn tì. A kì í pe ìwé tí adití ń kà ní ìwé adití. Ìwé kì í fọ́jú.

Ẹ̀gbọ́n tó mú "àfọwọ́kà" wá ni mo fara mọ́, àmọ́ kì í ṣe fún bréèlì nìkan. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, èmi ni mò ń lẹ nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn, kọ́bọ́ọ̀dù àti ìgò láàbù. Lẹ́tà gàdàgbà, dúdú lórí yẹ́lò, fún ọmọ tó ń ríran bàìbàì. Bréèlì lórí ọ̀rá tó mọ́ gaara, kó má bàa bo lẹ́tà abẹ́ rẹ̀, fún èyí tí kò ríran rárá. Àwa olùkọ́ náà nílò lẹ́tà yẹn, torí ìka wa ò mọ̀wé.

Ẹ wá wo bọ́tìnnì inú lífìtì àwọn ilé gogoro kan ní Màrínà. Nọ́ńbà wú jáde lára rẹ̀, bréèlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìka ló ń ka méjèèjì. Tó bá jẹ́ bréèlì nìkan ni àfọwọ́kà, kí la fẹ́ pe nọ́ńbà tó wú yẹn?

Lẹ́tà tó wú ló kọ́kọ́ dé. Valentin Haüy dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Paris ní 1785 fún àwọn tí kò ríran, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń kà níbẹ̀. Ó falẹ̀ lábẹ́ ìka, akẹ́kọ̀ọ́ ò sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ibẹ̀ ni Louis Braille wọ̀ ní 1819, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní 1829 ló tẹ ètò tirẹ̀ jáde: kókó mẹ́fà, mẹ́ta lósì, mẹ́ta lọ́tùn-ún, tí a lè tò ní ọ̀nà 63. Orúkọ èèyàn ni bréèlì, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí àfọwọ́kà jẹ́ ti ohunkóhun tí ọwọ́ ń kà.

Ẹnì kan nínú yín sọ pé owó là ń fọwọ́ kà, kì í ṣe ìwé. Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bréèlì: kókó ló ń kà, ení, èjì, ẹ̀ta, kó tó di pé ó ń ka ọ̀rọ̀. Kíkà kan náà ni lédè wa. "Àfìkakà" péye ju àfọwọ́kà lọ, àmọ́ ẹ gbé e fún ẹni tí kì í fi àmì ohùn sọ́rọ̀, ẹ ó rí bí "ìkà" yóò ṣe yọjú.

Orúkọ ohun tí a ń lẹ̀ gan-an ò ṣòro. Sítíkà ni wọ́n ń pè é ní ọjà Tẹ̀júoṣó. Àlẹ̀mọ́ náà dára. Àlẹ̀mọ́ àfọwọ́kà, àlẹ̀mọ́ àfojúkà. Èyí tó ní méjèèjì ló ń dà mí láàmú. Mo pè é ní "àlẹ̀mọ́ olójú-méjì" ní kíláàsì, ni akẹ́kọ̀ọ́ kan bá bú sẹ́rìn-ín: "Àǹtí, èmi ò ní ẹyọ kan, sítíkà lẹ lọ fún ní méjì!" Mo ṣì ń wá òmíràn.