Èsì: "ìjóagbára" kọ́, ìṣọ́kunná ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àárọ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n wa kan kọ ọ́ síbí lánàá pé bí ara ṣe ń lo agbára nígbà tí èèyàn bá ń ṣe wàhálà, ká máa pè é ní "ìjóagbára". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, ẹ pè é kíákíá kẹ́ ẹ gbọ́ ọ: ìjágbára ló dà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lójijì á ní àwọn ajìjàǹgbara ló tún fẹ́ jáde.

"Jó" yẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ohun tó bá jó, eérú ló ń kù níbẹ̀. Ara kì í dáná sun okun rẹ̀, ńṣe ló ń ṣọ́ ọ ná bí ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀. Herman Pontzer, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn Hadza, ọdẹ ilẹ̀ Tanzania, tí ọkùnrin wọn ń rin bíi kìlómítà 11 lóòjọ́. Wọ́n fún wọn ní omi tí wọ́n ti fi àmì sí hydrogen àti oxygen inú rẹ̀, wọ́n wá ń yẹ ìtọ̀ wọn wò kí wọ́n lè mọ iye kálórì, ìyẹn òṣùwọ̀n okun tí à ń rí nínú oúnjẹ, tí ara wọn ń ná. Ìwádìí náà jáde ní 2012: tí a bá ti ka ti bí ara kálukú ṣe tóbi tó mọ́ ọn, kálórì tí wọ́n ń ná lójúmọ́ kò ju ti ará Amẹ́ríkà tó ń jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Pontzer ní ara ló ń dín ìnáwó kù níbòmíràn. Ṣé jíjó nìyẹn?

Ìyá ìyá mi, ará Èkìtì, bó bá toko dé tó gúnyán tán, ògiri ló ń fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ nínà gbọọrọ. Ẹ bi í ní nǹkan, orí lásán ló máa mì. Bẹ́ ẹ bá yọ ọ́ lẹ́nu: "Ẹ jẹ́ n ṣọ́ okun mi ná." Ibẹ̀ ni mo ti yọ ìṣọ́kunná. Okun ni mo wí, kì í ṣe agbára. Agbára wà lọ́wọ́ ọba, ó wà nínú jẹnẹrétọ̀, àmọ́ okun inú la fi ń gbé ti ìta.

Ẹni tó ní wọ́n á ṣì í kà sí okùn tí a fi ń so ewúrẹ́, ẹ fàmì sórí ọ̀rọ̀ yín! Ẹ̀yin náà lẹ kọ "òkun inú" lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò sì rì.

Ẹni tó ní ti Èkìtì kì í ṣe ojúlówó Yorùbá, èmi àti yín ṣì máa pàdé. Ti "ìwọ̀n-ooru" tẹ́ ẹ fẹ́ fi rọ́pò kálórì náà, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ n lọ jẹun ná.