Ìfun rẹ̀ kò bẹ́, báwo ni kòkòrò inú rẹ̀ ṣe dé inú ẹ̀jẹ̀?

Ọmọ Kàbà:
Okun o, ẹ̀yin ará mi. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni ọ̀kadà gbé àbúrò mi ṣubú ní ọ̀nà Kàbà sí Ọbájànà. Egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ sì dà nù lára rẹ̀ kí a tó rí ọkọ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò sí ọgbẹ́ kankan ní ikùn rẹ̀, àwòrán tí wọ́n yà sì fi hàn pé ìfun rẹ̀ kò bẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, ara rẹ̀ gbóná, ó ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ sì ń lù kìkì. Èsì àyẹ̀wò ní E. coli, kòkòrò kan tí ń gbé inú ìfun, wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, dókítà sì ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láti inú ìfun ló ti jáde. Ara rẹ̀ ti ń yá báyìí. Itan ló ṣẹ́. Kí ló kan ìfun? Ìyá wa tẹnu mọ́ ọn pé ògì tí a fún un mu ní ọjọ́ kejì ló fà á.

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú:
Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dínkù lára lójijì, ara a máa darí èyí tó kù sọ́dọ̀ ọpọlọ àti ọkàn, a sì fi du ìfun, gẹ́gẹ́ bí a ti í pa aṣọ fífọ̀ tì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kí omi mímu má baà tán. Bẹ́ẹ̀ ni ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn pinpin, ló pààlà sáàárín ara wa àti ogunlọ́gọ̀ kòkòrò inú ìfun. Láàárín ọjọ́ 3 sí 5 ni ara ń fi tuntun rọ́pò wọn, kò sì lè ṣe é bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá tú lára ara wọn, kòkòrò yóò yọ́ kọjá láìjẹ́ pé ihò kankan wà tí àwòrán lè fi hàn.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lọ. Òpó ẹ̀jẹ̀ kan ń gbé wọn lọ sí ẹ̀dọ̀, níbi tí ara ti ń pa púpọ̀ nínú wọn. Èkejì gba inú àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun, ó gòkè lọ sí àyà, ó sì já sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn díẹ̀ ń kọjá lára ẹni tó le koko pàápàá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ àti àwọn kókó wọ̀nyí kì í jẹ́ kí wọ́n jìnnà.

Ní ti ògì, ẹ bá mi bẹ Màmá. Ebi ló ń sọ ògiri ìfun di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ti dúró ire, àwọn dókítà fẹ́ kí oúnjẹ wọ inú láàárín wákàtí 24 sí 48, ìbáà jẹ́ láti inú rọ́bà tí wọ́n gba imú kì bọ̀ ọ́. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ṣì wálẹ̀ ni kí a má tíì fún lóúnjẹ.

Ará Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀:
Ṣé kí a máa yára fún ẹni tó bá fara pa ní àgbo tàbí oògùn apakòkòrò, kí àwọn tó wà nínú ìfun lè kú ṣáájú?

Màmá Nọ́ọ̀sì, Ìsánlú:
Rárá o. Àwọn kòkòrò tí ń bá wa gbé láìṣe ibi ni wọn kì í jẹ́ kí àwọn burúkú rí àyè. Ẹni tó bá pa wọ́n láìnídìí ti ṣílẹ̀kùn fún èyí tó le jù.

Onílàábù, Mọ̀pà:
Òótọ́ ni Màmá sọ, àmọ́ kí a má yára dájọ́. Ní ọdún 1979 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Berg àti Garlington, ṣàlàyé bí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ ṣe ń rìn láti inú ìfun lọ sí àwọn kókó yẹn, inú eku ni wọ́n sì ti rí i. Lára ènìyàn, ó ṣòro láti fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìfun ni kòkòrò kan ti wá. E. coli yìí kan náà sì ló máa ń gba rọ́bà ìtọ̀ wọlé, èyí tí mo máa ń fura sí ṣáájú ìfun. Ṣé wọ́n fi í sí àbúrò yín?

Ọmọ Kàbà:
Wọ́n fi í sí i fún ọjọ́ mẹ́rin, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ronú kàn án. Lọ́la ni n óò béèrè bóyá wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín fún Màmá. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n ògì náà kan jù.