Ibùdó ojú ọjọ́ nílé: ooru ń ga jù, òjò ń dín. Kí ló fà á?

Ojú_Sánmà béèrè:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ìtò yìí wò. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ESP32 kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba kíkà), sẹ́ńsọ̀ BME280 tó ń wọn ooru, ọ̀rinrin àti ìwúwo afẹ́fẹ́, òṣùwọ̀n òjò alábọ́ méjì (bí òjò bá ti tó 0.2 mm, abọ́ tó kún á dà, èkejì á máa gbà á), àti ife mẹ́ta tó ń yí láti fi mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré tó. Gbogbo rẹ̀ wà lára ògiri lábẹ́ etí òrùlé, mítà 3 sókè, sìmẹ́ǹtì ló sì wà nísàlẹ̀.

Lọ́sàn-án, ooru tó ń kà ń fi dìgírì 5 sí 6 ga ju ti pápákọ̀ òfurufú tó wà nítòsí. Lálẹ́, ó ṣì ń fi 2 ga. Òjò tó ń kà kì í tó ìdajì èyí tó wà nínú ike tí mo gbé sí gbangba. Ìwúwo afẹ́fẹ́ ń fi 986 hPa hàn, ti pápákọ̀ òfurufú jẹ́ 1012. Ilẹ̀ ibí fi nǹkan bí mítà 230 ga ju òkun lọ. Ṣé sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ ni, àbí ibi tí mo gbé e sí ni?

Àwòsánmà dáhùn:

Sẹ́ńsọ̀ yín kò bàjẹ́. Ògiri ni ẹ ń wọ̀n, ẹ ò tíì wọn afẹ́fẹ́. Ògiri àti sìmẹ́ǹtì a máa fa ooru mu láti òwúrọ̀, wọn a sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ di ọ̀gànjọ́. Ká ní oòrùn tó ń pa á lójúkojú nìkan ni, ti alẹ́ ì bá ti bára mu.

Ẹ gbé e lọ sórí koríko gígé, láàárín mítà 1.25 sí 2 sókè. Ìlànà WMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ojú ọjọ́, nìyẹn. Ó sì nílò ilé funfun tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, tí oòrùn àti òjò kò lè wọ̀. Àwo ike funfun 7 tí fífẹ̀ rẹ̀ tó 18 cm, irin tẹ́ẹ́rẹ́ 3 tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, àti ègé páìpù 2 cm tí yóò máa ya àwo kan kúrò lára èkejì, ó ti tó. Ẹ da gbogbo àwo dojú délẹ̀. Ẹ má gé àárín méjì tòkè. Ẹ gé ihò 8 cm sí àárín mẹ́rin tó tẹ̀ lé wọn, inú ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ yóò so rọ̀ sí, kí ẹ wá lu ihò wẹ́wẹ́ sí ti ìsàlẹ̀ pátápátá.

Kí ẹ tó ra àwo náà, ẹ gbé ọ̀kan kọjú sí oòrùn, kí ẹ na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí òjìji ìka yín, ike náà ti fẹ́lẹ́ jù. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, ooru á gba ibẹ̀ wọlé.

Ti ìwúwo afẹ́fẹ́ kò ní àṣìṣe. Ní mítà 8 sí 9 kọ̀ọ̀kan tí a bá gòkè, ó ń fi nǹkan bí 1 hPa dín. Mítà 230 á mú nǹkan bí 26 lọ. Ẹ fi 26 kún 986, ó di 1012. Pápákọ̀ òfurufú ti ṣírò tiwọn sí ìpele òkun kí wọ́n tó kéde rẹ̀.

Ọ̀wààrà dáhùn:

Ti òjò ni tèmi. Etí òrùlé ló ń gba òjò mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ohunkóhun bá ga ju ẹnu òṣùwọ̀n lọ, ẹ jìnnà sí i ní ìlọ́po méjì gíga yẹn, ó kéré tán. Ìlọ́po mẹ́rin ló dáa jù. Ilé tó fi mítà 4 ga jù ú lọ ń fẹ́ mítà 8. Ẹ má torí ìyẹn gbé e gun òrùlé o. Afẹ́fẹ́ òkè a máa gbá ẹ̀kán òjò wẹ́wẹ́ kọjá ẹnu rẹ̀, òpó tó ń mì a sì máa mú kí abọ́ dà nígbà tí òjò kò rọ̀. Mítà 1 sókè tó, lórí òpó tó dúró gírígírí, kí ẹnu rẹ̀ sì tẹ́jú.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ẹ wọn ẹnu rẹ̀. Bí ó bá fẹ̀ tó 20 cm láti etí dé etí, ààyè ibẹ̀ jẹ́ 314 cm², òjò 1 mm sì jẹ́ mìlílítà 31.4. Ẹ bu mìlílítà 314 sínú ìgò ike, ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ìdérí rẹ̀, kí omi máa kán fún nǹkan bí wákàtí kan. Abọ́ gbọ́dọ̀ dà ní ìgbà 50. Bó bá jẹ́ 46, ẹ yí skúrù méjèèjì tó wà lábẹ́ abọ́ sókè díẹ̀, lọ́tùn-ún lósì bákan náà. Omi tí kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀ á wá tó láti da abọ́ nù. Tàbí kí ẹ tún un ṣe nínú kóòdù: 10 tí a pín sí 46 jẹ́ 0.217 mm fún dídà kan.

Ẹ má da omi náà gbàù. Nígbà tí abọ́ ń yí lọ́wọ́, omi tó ń bọ̀ ṣì ń wọ èyí tó ti kún, kò sì sẹ́ni tó kà á. Bí òjò ńlá náà ṣe ń dín nínú ìwé nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ike tí ẹ ń fi ojú kà máa wà nítòsí rẹ̀ títí.

Ẹ máa ṣí ìdérí wò lóṣooṣù. Okùn aláǹtakùn kan ṣoṣo tó so abọ́ mọ́ ara ike tó láti dá a dúró.

Ojú_Sánmà:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé kí ife afẹ́fẹ́ wà lórí òpó mítà 2 kan náà? Tí mo bá sì jẹ́ kí ESP32 máa sùn kí bátìrì lè pẹ́, ǹjẹ́ òjò á ṣì máa wọlé?

Oníwáyà dáhùn:

Rárá fún ti òpó. Mítà 10 ni wọ́n ń wọn afẹ́fẹ́, níbi tó jìnnà sí ilé àti igi ní ìlọ́po 10 gíga wọn. Díẹ̀ nínú àgbàlá ilé ló gba ìyẹn. Ẹ gbé e kọjá góńgó òrùlé ní mítà 2, kí ẹ kọ gíga náà sílẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà fi wé ohun tí kò bá a dọ́gba.

Ti oorun: bí ESP32 bá sùn tí òjò sì rọ̀, kò ní gbọ́, àfi kí ẹ so wáyà òṣùwọ̀n òjò mọ́ ẹsẹ̀ (pin) rẹ̀ tó lè jí i. Òǹkà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìrántí RTC, èyí tí kì í parẹ́ nígbà tí ESP32 bá ń sùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á padà sí òdo nígbàkígbà tó bá jí. Ẹ jẹ́ kí kóòdù fo ìró kejì tó bá dé kí 200 ms tó pé, torí swíìṣì tó ń ka dídà abọ́ a máa gbọ̀n. Kódà nínú òjò 100 mm ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú àáyá 7 ló wà láàárín dídà kan àti èkejì, ẹ ò ní pàdánù nǹkankan.

Ẹ má fi ESP32 sínú ilé àwo náà pẹ̀lú BME280. Ó ń mú ooru wá. Wáyà I2C, tó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ESP32, kò sì fẹ́ gùn, bó bá ti kọjá mítà 1, kíkà lè máa já. Ẹ gbé ESP32 sínú àpótí lára òpó, nísàlẹ̀ ilé àwo náà, kí wáyà má kọjá mítà 1, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ kó tó yí gòkè wọ inú àpótí, kí omi òjò lè kán dànù níbi tó ti tẹ̀. Ẹ lu ihò 3 mm sí ìdí àpótí. Èyí tí wọ́n dí pa máa ń làágùn nínú.

Ẹ yẹ sẹ́ńsọ̀ náà wò dájú. Wọ́n máa ń ta BMP280, tí kì í wọn ọ̀rinrin, lórúkọ BME280. Ẹ ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀: 0x60 ni BME280, 0x58 ni BMP280. Láti dán ọ̀rinrin wò, ẹ fi omi díẹ̀ po iyọ̀ nínú ìdérí ìgò kó ki bí ẹ̀kọ, ẹ gbé e sínú ike tó dí dáadáa pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ láìjẹ́ kí wọ́n kan ara wọn. Lẹ́yìn wákàtí 12, ó yẹ kó ka nǹkan bí 75%.

Àwòsánmà:

Mo fi kan kún ti Oníwáyà: bí òpó irin bá máa gun òrùlé, ẹ so wáyà ilẹ̀ (tó ń gbé iná mànàmáná lọ sínú ilẹ̀) mọ́ ọn, ẹ má sì dì í mọ́ òpó kan náà pẹ̀lú wáyà iná.