Ketamine fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn: ẹni tó ti gbà á rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìyàmoyè
Okun o, gbogbo ilé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà pè mí lálẹ́ àná. Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní ketamine, ẹnì kan á sì máa bá a jókòó sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún kẹta rèé tí ọmọ rẹ̀ ti kú, kò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Oríṣi oògùn oníhóró mẹ́ta ló ti lò, kò sí èyí tó ràn án. Ketamine tí èmi mọ̀ ni oògùn akunnilóorun tí wọ́n gún mi ní Kàbà nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi. Ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tójú rẹ̀ rí i ni kó sọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ Ìsánlú
Ìpá! O ò lè sọ pé apẹ́ńdíìsì ni?

Nọ́ọ̀sì Àtijọ́
Ọ̀kan náà ni, ọmọ mi. Ìpínlẹ̀ Kwárà la ṣì wà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ, ketamine la sì fi ń gba ẹ̀mí là. Bí iná bá lọ, tí kò sí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn mí, òun ló dára jù, nítorí pé aláìsàn á máa mí fúnra rẹ̀. Ọdún 1970 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì lò ó fún àwọn ọmọ ogun wọn ní Vietnam. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ojú aláìsàn á là sílẹ̀ kalẹ̀, òun alára kò sí nílé. Bí wọ́n bá ń jí, òmíràn á kígbe, òmíràn á kọrin. A máa ń fi diazepam, oògùn tó ń mú ọkàn balẹ̀, tì í lẹ́yìn kí àlá burúkú má bàa dà wọ́n láàmú. Bàbá kan wà tí a ń ṣiṣẹ́ abẹ fún, ebè iṣu rẹ̀ ló ń kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí tí wọ́n ń lò fún ọkàn kéré gan-an sí tiwa, kì í kun ènìyàn lóorun.

Kàbà Kìí Sùn
Màmá, ebè mélòó ni bàbá yẹn kà?

Nọ́ọ̀sì Àtijọ́
Igba ó lé méje. Ìyàwó rẹ̀ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní igba péré ló wà lóko.

Àgbẹ̀ Ìsánlú
Èyí tí obìnrin náà kò mọ̀ ló wà ní méje yẹn. Ẹ lọ bi bàbá náà léèrè ẹni tó kọ ọ́ fún.

Ará Calgary
Mo ti fẹ́ kà á kọjá, ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ, màá sọ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé mọ ọ̀nà Kàbà sí Lọ́kọ́ja, mi ò ní ṣàlàyé. Wọ́n kó wa wọ igbó, ọjọ́ mọ́kànlá. Èmi jáde. Nígbà tí mo dé Kánádà, mo rò pé mo ti fi í sílẹ̀ sílé, àfi bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó yìnyín bá bú lójijì lójúde, ẹ ó bá mi lábẹ́ tábìlì. Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ pé mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Oògùn oníhóró méjì, ọdún méjì. Sísanra ni mo rí níbẹ̀.

Ni wọ́n bá ní ká dán ketamine wò. Àga tó ń tẹ̀ sẹ́yìn ni. Wọ́n da bùláńkẹ́ẹ̀tì bò mí, wọ́n fi aṣọ dúdú bo ojú mi, rọ́bà tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá wà lápá mi, á fún un, á tún tú u sílẹ̀. Dírípù ni, ogójì ìṣẹ́jú. Kò pẹ́ tí ohùn nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí ẹni pé ìsàlẹ̀ kànga ló wà. Mo ní ọwọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kì í ṣe tèmi. Mo wá rí igi ẹ̀mi tí wọ́n so mí mọ́. Orí ẹ̀ka ni mo wà, mo ń wo ọkùnrin kan nísàlẹ̀ tó ti tọ̀ sára, àánú rẹ̀ ṣe mí. Èmi ni ọkùnrin yẹn o. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀, ìtìjú ni.

Ọjọ́ kejì mo lọ bá obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ó ń jáde bí ìròyìn orí rédíò. Ó ní kí n dúró, kí n fi èdè tí wọ́n fi tọ́ mi sọ ọ́. Mo ní kò ní yé e. Ó ní òun mọ̀. Mo bá fi Yàgbà rò ó láti òkè délẹ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó yí ìwé rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kọ síbẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, "booroda", ó sì ti ń fa ìlà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá pè é. Ìlà mọ́kàndínlógún. Ó ní, kí nìyí?

Èmi àti Búrọ̀dá mi la jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Oṣù mẹ́jọ tí èmi àti obìnrin yìí ti ń sọ̀rọ̀, mi ò dárúkọ rẹ̀ rí.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Agbára rẹ̀ máa ń rọlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Èmi ṣì ń lọ sọ̀rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Tóyọ̀sí Ẹ̀gbẹ̀
Búrọ̀dá. Ah.

Kàbà Kìí Sùn
Inú ọkọ̀ ni mo ti ka èyí, mo yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ kú ará fẹ́ra kù.

Alàgbà Ìjùmú
Òkun o. Èmi ò fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n oògùn ẹṣin ni wọ́n ń pè ní ìtọ́jú yìí. Matthew Perry, òṣèré Amẹ́ríkà, ṣebí òun ló pa á ní 2023? Ẹ gbàdúrà fún obìnrin náà.

Olùkọ́ Mọ̀pà
Alàgbà, òkun omi kọ́ la fi ń kíra wa. Okun ni, okun inú, agbára. Ẹ yé fi àmì sí i.

Alàgbà Ìjùmú
Ṣé ọ̀rọ̀ àmì la ń sọ?

Olùkọ́ Mọ̀pà
Ẹ ti sọ gbogbo wa di ọmọ Ọlọ́sà ni mo ṣe sọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àtijọ́
Alàgbà, a ń gún ẹṣin ní ketamine, bẹ́ẹ̀ ni. Tetracycline tí àwọn Fúlàní ń gún màlúù ńkọ́, ṣé ẹ kò gbé e mì rí? Ní ti Perry, ó ń gbà á ní ilé ìtọ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó yẹ òkú rẹ̀ wò sọ pé èyí tí wọ́n bá lára rẹ̀ kò lè jẹ́ ti ibẹ̀, torí ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan tó ti lọ gbẹ̀yìn. Ilé ni ó wà, nínú omi ìwẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gbé e lé aláìsàn lọ́wọ́. Àwọn tó ń fín in símú lójoojúmọ́ fún fàájì, àpò ìtọ̀ wọn ló ń bàjẹ́, wọ́n á máa tọ ẹ̀jẹ̀.

Ìyá Ìbejì Maryland
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, nítorí ó jọ pé ẹ ti fẹ́ máa jó. Oríṣi ketamine tí wọ́n ń fín símú nílé ìtọ́jú ni mo gbà, esketamine, tí wọ́n fọwọ́ sí níbí ní 2019. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. O ò gbọdọ̀ gbé e lọ sílé, wákàtí méjì ni wọ́n fi ń ṣọ́ ọ, o ò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ títí di ọjọ́ kejì. Èébì ni mo ń bì. Mi ò rí igi, mi ò rí ẹ̀ka. Ilé ìtọ́jú tí mo lọ kò fún mi lẹ́ni tí màá bá sọ̀rọ̀, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tàn sílẹ̀ fún mi. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún mo kọ̀wé pé mi ò ṣe mọ́.

Tóyọ̀sí Ẹ̀gbẹ̀
Ìyá Ìbejì, ó lè jẹ́ torí pé ẹ ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni.

Ìyá Ìbejì Maryland
Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ bẹ́ẹ̀. Oògùn náà kò bá mi lára mu, ó tán. Ẹ má sọ ọ́ di pé èmi ni mo dákẹ́ jù.

Dókítà Lọ́la
Ìyá wa jàre. Kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ní 2000 ni àwọn oníwádìí ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé àbájáde tiwọn jáde, aláìsàn méje péré, ara wọn fúyẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Oògùn nìkan nìyẹn, kò sí ìjíròrò níbẹ̀. Ẹni tó ti so ó mọ́ ìjíròrò ṣáájú ìgbà yẹn ni dókítà kan tó ń jẹ́ Krupitsky ní Rọ́ṣíà, ó lò ó fún àwọn ọ̀mùtí. Ohun tí wọ́n ń rò ni pé oògùn náà máa ń rọ ọpọlọ fún ìgbà díẹ̀, bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ìgbà náà ni kí ẹ yára gbin nǹkan.

Àgbẹ̀ Ìsánlú
Kí ará Rọ́ṣíà yẹn wá sí ìdí ẹmu wa. Iṣẹ́ wà.

Kàbà Kìí Sùn
Ọ̀rọ̀ èdè yẹn ló ń jà mí nínú. Bí mo bá fẹ́ bá dókítà ọpọlọ sọ̀rọ̀ nílé níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ta ló fẹ́ gbọ́ èdè Owé ti Kàbà wa?

Olùkọ́ Mọ̀pà
Lambo, dókítà ọpọlọ, ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Aro ní Abẹ́òkúta ní 1954. Àárín àwọn ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn rẹ̀ sí, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n á tẹ̀ lé wọn wá. Ìyẹn náà ìjíròrò ni.

Alàgbà Ìjùmú
Ìyẹn ni mo ń sọ. Ìyá mi kò mọ ketamine, àwọn obìnrin adúgbò á jókòó tì í títí á fi sunkún tán.

Ará Calgary
Alàgbà, ìyá yín rí obìnrin adúgbò. Èmi ń gbé ní àjà kẹrìnlá.

Nọ́ọ̀sì Àtijọ́
Ọmọ Ìyàmoyè, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ketamine máa ń gbé e sókè. Kó sọ fún wọn. Bí ẹnì kan nínú ìdílé bá sì ti ya wèrè rí, kó má fi í pamọ́.

Ọmọ Ìyàmoyè
Ẹ ṣeun, Màmá. Ó ní in díẹ̀, ó ń lo oògùn rẹ̀. Mo ka ti Búrọ̀dá sí i létí lórí fóònù. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì mi ti tán. Ó wá ní òun kò rò pé òun lè fi Gẹ̀ẹ́sì pe orúkọ ọmọ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dá fún un, kò sì rẹ́ni tó máa wà á padà sílé. Houston ló wà.

Tóyọ̀sí Ẹ̀gbẹ̀
Ìṣẹ́jú márùndínlógójì ni mo sí Houston, mi ò sì lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Àgbẹ̀ Ìsánlú
Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ló fẹ́ gbé e? Kó mú owó epo dání o.