Tẹ X, tẹ X! Kí lojú yín ti rí lórí fíìmù inú gẹ́ẹ̀mù?

Ọmọ Ìgbógbó, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mo sì fẹ́ kí olúkúlùkù wá sọ ohun tí ojú tirẹ̀ rí. Àwọn fíìmù tó máa ń já wọ àárín gẹ́ẹ̀mù, tí páàdì tí a fi ń gbá a ò ní ṣiṣẹ́ títí wọ́n á fi parí, èyí tí wọ́n ń pè ní cutscene: ṣé wọ́n ń mú kí gẹ́ẹ̀mù dùn sí i ni, àbí wọ́n ń bà á jẹ́? Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú.

Ní nǹkan bí 2007, ilé gẹ́ẹ̀mù kan wà nítòsí Sábó níbí. Tẹlifísàn mẹ́rin, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù PS2 mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń rú èéfín sí gbogbo wa lára. Náírà 50 ni ààbọ̀ wákàtí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀ á kọ àkókò tí o jókòó sínú ìwé, á sì gbójú sókè wo aago ara ògiri. Tí ìṣẹ́jú 30 bá ti pé, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ẹlòmíì ti nawọ́ sí páàdì nìyẹn.

Owó oúnjẹ ilé ìwé tí mo fi ebi tọ́jú ni mo fi ń san, fíìmù á wá máa jẹ ẹ́ lójú mi. GTA: San Andreas ni gbogbo wa ń gbá nígbà náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, tí CJ, ẹni tí à ń darí nínú ẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní pápákọ̀ òfuurufú, gbogbo ilé á pariwo pé kó tẹ bọ́tìnnì tó ń fo fíìmù: “Tẹ X! Tẹ X!” Ariwo tèmi gan-an ló máa ń pọ̀ jù. Ọdún méjì ni mo fi gbá a. Mo mọ òpópónà Los Santos, ìlú inú gẹ́ẹ̀mù náà, bí ẹni mọ ọ̀nà Ṣágámù, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tó gbé CJ wálé.

Ní 2015, màmá wa kú. Kánò ni mo wà nígbà tí wọ́n pè mí. Lẹ́yìn ìsìnkú, tí àlejò ti tú ká, mo rí PS2 àtijọ́ àbúrò mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, San Andreas ṣì wà nínú ẹ̀. Mo tàn án kí ilé má bàa dákẹ́ jù. Lọ́jọ́ náà mi ò tẹ X.

Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìyá CJ ni wọ́n pa. CJ ti fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ìsìnkú ìyá ẹ̀ ló bá wálé. Àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ ẹ̀ dúró lọ́nà, wọ́n gba owó ọwọ́ ẹ̀, wọ́n sì lọ já a sílẹ̀ ní àdúgbò àwọn ọ̀tá ẹ̀. Ibẹ̀ ni páàdì ti bọ́ sí ẹni tó ń gbá a lọ́wọ́. Ilé tí mo ti ń ṣe save lójoojúmọ́ fún ọdún méjì, kí ibi tí mo gbá a dé má bàa sọnù, tí mo máa ń sáré wọ̀ tí mo máa ń sáré jáde, ilé ìyá tó kú ni. Mo wà níbi tí mo jókòó sí títí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò fi kú.

Èrò tèmi ni pé wọ́n ń tún un ṣe. Àìlówó wa la fi ń bú wọn nígbà náà.

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún màmá. Ohun tójú tèmi rí yàtọ̀ sí tiyín.

Gẹ́ẹ̀mù onídà kan ni, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn ọ̀tá tó le jù níbẹ̀, fíìmù á kọ́kọ́ dé, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sì sí bọ́tìnnì kankan tí o lè fi fò ó. Ọ̀gá yìí á pa ọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Fíìmù á tún bẹ̀rẹ̀ látorí. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo wò ó. Àbúrò mi obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn sórí. Ní ìgbà kọkànlá, ẹ̀jẹ̀ ọ̀gá náà ti kù díẹ̀ bíńtín, wọ́n mú iná. Gbogbo Àjárá ṣókùnkùn. Mo yọ CD náà lọ́jọ́ kejì, mi ò fi sí i mọ́ láyé mi.

Tí mo bá ti wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kọjá. Mo mọ̀ pé àwọn kan fẹ́ràn Metal Gear Solid 4 ti 2008, tí fíìmù ìparí ẹ̀ lé ní wákàtí kan, àánú yín ń ṣe mí tí ẹ ò bá ní jẹnẹrétọ̀. Half-Life ti 1998 ni kẹ́ ẹ lọ wò. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ojú Gordon Freeman, ẹni tí ò ń darí, lo fi ń wo gbogbo ẹ̀, wọn kì í sábà gbà á lọ́wọ́ ẹ. Nínú ọkọ̀ ojú irin tó gbé e wọ ibi iṣẹ́, o lè wo ọ̀tún, o lè wo òsì, o lè rìn lọ rìn bọ̀. Bí ẹnì kan bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tó yá, o lè fi í sílẹ̀ kó máa sọ ọ́. Ìtàn sì yé mi yékéyéké.

Bàbá Ayọ̀, Odogúnyàn

Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Pac-Man ti 1980 pàápàá ní in: tí o bá ti parí ìpele bíi mélòó kan, iwin á lé Pac-Man kọjá, Pac-Man á tóbi gbàǹgbà, á lé iwin padà. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, ó kàn fún ìka ní ìsinmi. Ní 1987, nígbà tí wọ́n ṣe Maniac Mansion, ni Ron Gilbert, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe gẹ́ẹ̀mù náà, sọ ọ́ ní cut-scene. Èmi fara mọ́ àwọn kúkúrú. Ó tán.

Àǹtí Olúwo, Ẹ̀pẹ́

Èmi kì í gbá gẹ́ẹ̀mù rárá, òǹwòran ni mí. Ọ̀rọ̀ àwa òǹwòran ni ẹnikẹ́ni ò tíì sọ.

Màmá wa ń ta ẹja yíyan ní ọjà Olúwo. Tó bá di alẹ́, pálọ̀ ló ti máa ń to ẹja ọjọ́ kejì sínú apẹ̀rẹ̀, àbúrò mi á sì wà nídìí PS3 ẹ̀. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ The Last of Us, ti 2013, Sarah ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, ọmọbìnrin kékeré tó ń wá bàbá ẹ̀ kiri ilé lóru. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí Joel, bàbá náà, ó gbé ọmọ dání, ó ń sá. Sójà kan yọ sí wọn. Páàdì kú mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́. Sójà yìnbọn, ọmọ ṣubú.

Màmá ní, “Kí ló dé tí o jókòó? Ṣe nǹkan!”

“Màmá, kò gbọ́ tèmi mọ́. Fíìmù ti dé.”

Ó ń tẹ gbogbo bọ́tìnnì, kò sí èyí tó dá a lóhùn. Ọmọ náà kú sọ́wọ́ bàbá ẹ̀. Mo wo Màmá, ó di ẹja kan mú láti ìgbà tó ti ń sọ̀rọ̀, kò tíì gbé e kalẹ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn, ó di tiwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tí ìbọn bá ń dún, Màmá á kọjú sí ẹja ẹ̀. Tí fíìmù bá dé, á nu ọwọ́ nù, á sún mọ́ tẹlifísàn, àbúrò mi á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún un. Kò pe ọkùnrin náà ní Joel rí. Bàbá Sarah ló ń pè é.

Ọmọ Àgbádárìgì, mo gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ lè fo èyí tó ti wò. Ṣùgbọ́n ká ní páàdì ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àbúrò mi ì bá yìnbọn fún sójà yẹn, Màmá ì bá sì tò ẹja ẹ̀ lọ.

Apá kejì jáde ní 2020. Wọ́n pa Joel níbẹ̀, fíìmù náà ni, kò sí nǹkan tí ẹni tó di páàdì mú lè ṣe sí i. Àbúrò mi tilẹ̀kùn kó tó gbá ibẹ̀. Lọ́jọ́ kejì Màmá béèrè pé, “Bàbá Sarah ńkọ́?” Àbúrò mi ní ó wà. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́ẹ̀mù náà látorí, ó ṣí ibi tí Joel ti gbé gìtá wá fún Ellie, ọmọbìnrin tó mú bí ọmọ lẹ́yìn Sarah, tó jókòó tó ń kọrin fún un. Ibẹ̀ nìkan ló máa ń ṣí fún un títí dòní.