Ẹlòmíràn ti fi àkọlé ìwé mi sọ ìwé tirẹ̀. Ṣé kí n yí i padà?

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ló gba oorun lójú mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n gbé e wá síbí kí n tó ṣìwà hù.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ ìwé ìtàn àròsọ mi. Ìtàn obìnrin aláró kan ni, ní Òṣogbo wa níbí, tí àwọn ọmọ ọkọ rẹ̀ fọ́ gbogbo ìkòkò rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀. Láti ojú ìwé àkọ́kọ́ ni mo ti ń pè é ní Ìkòkò Aró. Iṣẹ́ aró ni ìyá tó bí mi fi rán mi níléèwé. Ó ń gún ewé èlú, ó ń sẹ́ omi eérú, èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ò sì mọ́ títí ó fi kú. Bó ti wù kó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ tó, aró yẹn ń bẹ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ ìwé náà lórúkọ yẹn nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àbúrò mi fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi láti Ìbàdàn: ìwé kan lórí àtẹ, wọ́n kọ Ìkòkò Aró gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àyà mi já. Mo wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo tún bá fíìmù kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni ìwé yẹn. N ò ní dárúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò ṣẹ̀ mí. Òǹtẹ̀wé ti ní kí n fi ẹ̀yìn ìwé ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé. Ṣé wọn ò ní pè mí lólè? Ṣé wọn ò lè gbé mi lọ sí kóòtù? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Bọ́sẹ̀ Òǹtẹ̀wé:
Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Òkè-Fìà ni mo ti ń tẹ̀wé, ìwé tó ń jórúkọ kan náà ti gba ọwọ́ mi kọjá láìmọye ìgbà. Nọ́ńbà ISBN ló ń ya ìwé kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Díjíìtì mẹ́tàlá ló ń ní láti ọdún 2007, National Library ló sì ń fúnni lórílẹ̀-èdè yìí. Tẹ́ ẹ bá máa ní ẹ̀dà orí fóònù, òun náà á gba tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́yà Ìgbónà:
Ẹ jẹ́ kí n mú ti kóòtù. Ohun tí èèyàn kọ sínú ìwé ni kọ́píráìtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé lórí iṣẹ́ rẹ̀, ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ṣe àkọlé kéré jù fún un. Ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì tó ń forúkọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé sílẹ̀ kì í tiẹ̀ gba àkọlé lásán wọlé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè di ẹjọ́ ni kéèyàn mú kí oníbàárà rò pé ọjà ẹlòmíràn lòun ń rà. Tẹ́ ẹ bá ya ẹ̀yìn ìwé tó jọ tiẹ̀, tẹ́ ẹ lo irú lẹ́tà tó lò, ẹ ti ń wá wàhálà. Orúkọ ọ̀wọ́ ìwé tí ẹnì kan ti fi ṣe àmì òwò náà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìwé kan ṣoṣo ni tòun àbí ọ̀wọ́.

Ti olè yẹn, ẹ gbé e kúrò lọ́kàn. Inú ewì W. B. Yeats ni Chinua Achebe ti mú àkọlé Things Fall Apart lọ́dún 1958, ta ló pè é lólè?

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀, àmọ́ kóòtù kọ́ ló ń ba èmi lẹ́rù, ọjà ni. Lọ́dún 2006, Emily Schultz, ọmọ Kánádà, gbé ìwé Joyland jáde. Nígbà tó di 2013, Stephen King náà gbé Joyland tirẹ̀ jáde, kò sì kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà orí fóònù. Làwọn èèyàn bá ń ra ti Schultz lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n rò pé ti King ni. Owó wọlé fún obìnrin náà lóòótọ́, àmọ́ àwọn tó ṣì í rà bínú, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sábẹ́ ìwé rẹ̀. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Èmi fúnra mi ń ta ìwé. Bàbá kan wá ra ìwé fún ọmọ rẹ̀, àkọlé nìkan ló mú wá. Mo gbé é fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó dá a padà, ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀: tíṣà ti lé e síta nítorí ìwé mìíràn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ni wọ́n ń kà. Ojú ọmọ yẹn ò kúrò lójú mi. Àdùkẹ́, ẹni tó bá wá ìwé ìyá rẹ wá sọ́dọ̀ mi, tí mo wá gbé ìtàn ìfẹ́ fún un ńkọ́?

Àlàbí:
Ẹ fi ọ̀rọ̀ kún àkọlé náà kó gùn. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ ti Fágúnwà, láti 1938, ta ló máa ṣì í mú?

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró:
Mo gbọ́, ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn wọ̀ mí lára. Ìkòkò Aró Ìyá Mi ńkọ́? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pè é lẹ́nu, kò dùn mọ́ mi.

Bàbá Olùkọ́:
Ọmọ mi, kò lè dùn mọ́ ọ, nítorí ìyá rẹ kọ́ ni wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ nínú ìwé náà.

Padà sọ́dọ̀ odò. Nígbà tí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn tẹ̀dó sétí Ọ̀ṣun, igi tí wọ́n gé wó sínú omi. Ohùn kan ké jáde nínú ibú: “Oṣó igbó, ẹ rọra o! Gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!” Níbẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú wa ti ṣẹ̀. Ìlú aró là ń pè é títí dòní. Ìkòkò aró kì í ṣe ti ẹni tó kọ ìwé Ìbàdàn yẹn, kì í sì í ṣe tìrẹ. Gbogbo wa la ni ín. Ṣùgbọ́n igbe yẹn, ẹni tí wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀ ló ń ké e. Obìnrin inú ìwé rẹ, kí ló wí lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ tirẹ̀?

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró:
Bàbá, kò wí nǹkan kan. Orí kẹtàlá ni. Ó jókòó sáàárín àpáàdì, ó ń ṣà wọ́n sórí ara wọn, aró ń ṣàn gba abẹ́ ìró rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti tún orí yẹn kọ, mo mọ̀ pé nǹkan kan ò sí níbẹ̀. Ohun tó yẹ kó ké nìyẹn.

Gbogbo Ìkòkò Aró Mi. Mo ti pè é sókè nínú yàrá, omi bọ́ lójú mi. Mo ti wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, n ò rí ìwé tàbí fíìmù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúpẹ́, Bàbá. Orí kẹtàlá ni mo ń tún kọ lálẹ́ yìí.

Bọ́sẹ̀ Òǹtẹ̀wé:
Ó dùn létí! Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń ya ẹ̀yìn ìwé fún yín fi búlúù inú kọ̀ǹpútà kùn ún o, aró ò rí bẹ́ẹ̀. Tí àdìrẹ tí màmá yín rẹ bá ṣì wà nílé, ẹ gbé e wá lọ́jọ́ Ajé, ká fi mú àwọ̀.

Àdùkẹ́ Ọmọ Aláró:
Ọ̀kan ṣẹ́ kù, òun ni mo fi pọn àbíkẹ́yìn mi. N ó gbé e wá.